Oje Lápálápá àti Ẹnu Mi Tí Kì Í Dákẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré l'Ọ́fà, ẹnu mi kì í sinmi. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ gbé àdúgbò ojú irin nígbà náà á rántí pé bí rélùwéè bá ń kọjá, gbogbo ilé ló máa ń dákẹ́ títí ariwo rẹ̀ yóò fi lọ, kí oníkálukú tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Èmi kì í dúró dè é. Ńṣe ni mo máa ń pariwo ju ọkọ̀ náà lọ. Dádì mi, tí wọ́n jẹ́ tíṣà, máa ń sọ pé àwọn ò nílò rédíò nílé mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, àti pé rédíò tiẹ̀ sàn, torí bátìrì rẹ̀ máa ń tán.

Ìyá tó bí Dádì ń gbé pẹ̀lú wa. Ojoku ni wọ́n ti wá, Ìyá Ojoku ni a sì ń pè wọ́n. Orí ẹní wọn ni mo ń sùn. Bí wọ́n bá se ànàmọ́, ọ̀dùnkún tí wọ́n mọ Ọ̀fà mọ́, tí omi gbẹ tán, tí ìdí ìkòkò wá jóná díẹ̀, èmi ni wọ́n máa ń ha ìdí ìkòkò yẹn fún, torí pé ó dùn ju àwọn tó kù lọ. Àwọn àbúrò mi á máa wò mí bí ẹni pé mo jí i. Ìyá kì í ṣe oníṣègùn o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Opó àgbẹ̀ ni wọ́n, wọn kì í sì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, pẹ̀lú gèlè funfun báláú lórí wọn. Àmọ́ wọ́n mọ ewé bí Dádì ṣe mọ ABD.

Ọ̀rọ̀ ewé yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì rí. Nígbà kan tí ibà mú àbúrò mi, Ìyá fún un ní àgbo mu, ọmọ náà sì bì í sára aṣọ ilẹ̀kùn tuntun. Dádì pariwo. Ìyá wọ yàrá lọ, wọ́n kó ẹrù wọn sínú agbọ̀n, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń retí ọkọ̀ Ojoku. Àwọn àgbà ìjọ méjì ló wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó dìde. Ohun tí Ìyá sọ lọ́jọ́ náà ò kúrò létí mi: "Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá tún pariwo ewé lé mi lórí nínú ilé yìí, Ojoku ni ilẹ̀ ọjọ́ náà á ti ṣú mi." Gbogbo wa mọ̀ pé Ìyá kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí eyín. Ẹ rántí bàbá dúdú, súùtì àgbọn yẹn tó máa ń lẹ̀ mọ́ eyín títí di ìrọ̀lẹ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo máa ń fi ọ̀kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sùn. Kòkòrò bá jẹ eyín ńlá kan fún mi lẹ́yìn lápá òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí láti àgbọ̀n dé etí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì wú bí ẹni tó fi odidi ẹ̀kọ pa mọ́ síbẹ̀. Mo sunkún lóru, mo sunkún lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹta, Dádì gbé mi sẹ́yìn alùpùpù, ó di ọsibítù.

Dókítà eléyín náà jẹ́ ọkùnrin gíga kan, ohùn rẹ̀ tutù. Ó gún mi lábẹ́rẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kú tipiri. Ó ki ẹ̀mú bọ̀ mí lẹ́nu, ó fà, èmi náà fà. Nọ́ọ̀sì di orí mi mú, Dádì di ẹsẹ̀ mi mú. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àmọ́ mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń jà á nínú ẹnu ọmọdé. Nígbà tí eyín náà jáde, dókítà jù ú sínú abọ́ irin, ó ró gbàn-ùn. Mo nawọ́ pé kó fún mi.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?" ló bi mí.

Òwú kún ẹnu mi bámúbámú, síbẹ̀ mo dáhùn: "Aláǹgbá!"

Ó wo Dádì bóyá abẹ́rẹ́ ti gun orí mi ni. Ó dájú pé kò dàgbà ládùúgbò wa. Ẹ̀yin mọ̀ pé bí ọmọdé bá káyín, òrùlé ni wọ́n ń ju eyín náà sí pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, méje fún obìnrin, mẹ́sàn-án fún ọkùnrin, kí ọmọ náà sì sáré wọlé kí aláǹgbá tó rí i. Bí aláǹgbá bá fojú kan eyín yẹn, òmíràn ò ní hù mọ́ láéláé. Ojú ti Dádì níwájú dókítà, àmọ́ wọ́n wé eyín náà sínú bébà, wọ́n fi sí àpò. Nígbà tí a délé, Dádì tí wọ́n máa ń sọ pé ìtàn aláǹgbá ò sí nínú ìwé kankan, àwọn náà ló dúró tì mí títí mo fi ka òkúta mi pé méje.

Dókítà ti sọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe. Kí n máa fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ẹnu. Kí n má jẹ ohun líle, kí n má jẹ ohun dídùn, kí n má máa fi ahọ́n tọ ojú ọgbẹ́, kí n sì dín ọ̀rọ̀ kù. Mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún yín, ẹni àgbà kì í purọ́ nítorí eyín: mi ò ṣe ẹyọ kan níbẹ̀. Omi iyọ̀ ń ta mí, mo máa ń dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo jẹ ìrèké lẹ́yìn ilé. Ahọ́n mi ò kúrò nínú ihò náà, ó ń wò ó bí àlejò ṣe ń wo yàrá tuntun. Ọ̀rọ̀ sísọ ní tiẹ̀, kò dín rárá, torí pé mo ní ìtàn ọsibítù tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún gbogbo àdúgbò, kí n sì la ẹnu kí wọ́n rí ihò náà.

Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, ẹnu mi ti ń rùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tún wú padà. Wọn ò jẹ́ kí n lọ sí ilé ìwé. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni àwọn ọmọdé máa ṣe àjọ̀dún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni wọ́n sì yàn láti ka Sáàmù lórí. Dádì ní táa bá máa padà lọ bá dókítà, a ó padà lọ, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má gbé ewé súnmọ́ ẹnu ọmọ àwọn. Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè.

Ohun tó yí ọkàn Ìyá padà ni ànàmọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ha ìdí ìkòkò fún mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, mi ò sì lè fi sẹ́nu. Mo kàn gbé abọ́ náà lé itan, mo ń sunkún sí i. Ìyá wò mí títí. "Ọmọ Ọ̀fà tí ò lè jẹ ànàmọ́," ni wọ́n ní, "kí ló wá kù fún un láyé?" Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Dádì àti Mọ́mì mi ṣe jáde nílé báyìí, Ìyá ti wà nídìí ọgbà.

Lápálápá ni wọ́n fi ṣe ọgbà yí ilé wa ká, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé nígbà yẹn, torí pé ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Ìyá kọ́kọ́ se orín ata tí à ń fi fọ eyín, wọ́n ní kí n fi omi rẹ̀ fọ ẹnu. Gbogbo ẹnu mi ń ta ṣín-ín-ṣín-ín. Wọ́n wá já ọ̀pá ewé lápálápá tó rọ̀, wọ́n ń kán oje rẹ̀ sínú àwo pẹẹrẹ, tó-tó-tó. Wọ́n fi òwú mímọ́ fà á mu, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ náà. Háà, ó kan! Ó fún mi lẹ́nu pọ̀ bí kaṣú tí ò tíì pọ́n.

"Àjíkẹ́, pa ẹnu dé," ni wọ́n ní. "O ò gbọdọ̀ gbé e mì o, ikùn ẹ á ṣí dọ̀la. O ò gbọdọ̀ là á, o ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, títí òjìji máńgòrò yẹn á fi kan ẹnu kànga. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gbọ́."

Èmi? Kí n má sọ̀rọ̀? Mo jókòó, mo ń wo òjìji náà. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òjìji máńgòrò lè lọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Adìẹ kan gun orí kànga, mo fẹ́ lé e, mi ò lè pariwo. Gbogbo ọ̀rọ̀ ayé yìí ló wá sí mi lọ́kàn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí òjìji náà dé ibẹ̀, tí Ìyá yọ òwú náà, mo sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi ní àfàìmọ̀ kí àwọn má dá a padà.

Oje tó ṣẹ́ kù nínú àwo ni mo fi ṣeré. Ṣé ẹ rántí eré yẹn? A ó fi ìgbálẹ̀ ká òrùka kékeré, a ó tì í bọ inú oje lápálápá, a ó wá rọra fẹ́ ẹ. Ìfòfó roboto á jáde, á máa dán yinrinyinrin, á fò kọjá orí ọgbà kó tó bẹ́. Ìyá gbá mi lọ́wọ́: "Oògùn lo fi ń ṣeré?" Àmọ́ mo rí i pé wọ́n tẹ̀lé ìfòfó náà lójú títí ó fi bẹ́.

Báyìí la ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Òórùn yẹn lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fà sẹ́yìn, mo ń mu ẹ̀kọ láìfà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Dádì ní ṣé omi iyọ̀ náà kọ́ nìyẹn, àwọn ò sọ fún wa? Ìyá ń ṣa ẹ̀wà.

Ọjọ́ kẹta yẹn ni Mọ́mì Sọ́ńdè-Sùkúù wá. Obìnrin yìí ló ń kọ́ àwa ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn náà ló sì kọ́ Dádì ní ìwé nígbà tí Dádì wà ní kékeré. Tí wọ́n bá wọ ibì kan, àgbàlagbà pàápàá á tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Wọ́n wá gbọ́ Sáàmù mi lẹ́nu mi. Ìyá ti jáde lọ ra iyọ̀ ní òpópónà. Èmi nìkan ni mo wà níwájú ilé, òwú lápálápá wà lẹ́nu mi, òjìji máńgòrò sì ku ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan kó kan kànga.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mmm."

Mọ́mì dúró. "Ṣé o ò rí mi ni?"

Mo kúnlẹ̀ dáadáa, mo tẹ orí ba. "Mmm, mmm." Mo gbìyànjú láti fi ọ̀wọ̀ sí i, àmọ́ kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ọ̀wọ̀ kùn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìkíni jẹ́ fún wa. Ọmọ tí ò kí àgbà, kì í ṣe òun ni wọ́n máa bú, ìyá tó bí i ni. Mo fẹ́ fọwọ́ tọ́ka sí ẹnu mi, àmọ́ tí wọ́n bá wò ó, wọ́n á rí òwú. Tí wọ́n bá rí òwú, wọ́n á sọ fún Dádì. Mo bá ń kúnlẹ̀ dìde, kúnlẹ̀ dìde, bí ẹni ń gúnyán.

Àsìkò yẹn gan-an ni Dádì yà wálé láti ilé ìwé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún tíṣà wọn.

"Ọmọ yín ò kí mi," ni Mọ́mì wí.

Ojú Dádì pọ́n. "Àjíkẹ́! Kí Mọ́mì!"

"Mmm."

"Mo ní kí o kí wọn!"

Nígbà tí ìkúnlẹ̀ ò tó mọ́, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. Mọ́mì Sọ́ńdè-Sùkúù pariwo, "Ẹ̀ẹ́n!" Dádì fa pàṣán tó wà lókè ilẹ̀kùn yọ, wọ́n ní kí n la ẹnu kí àwọn tó ka ẹ̀ta. Mo wo òjìji. Ó ku ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Kì í ṣe pàṣán ló ń bà mí lẹ́rù, ẹ gbà mí gbọ́, a ti mọ ara wa tipẹ́. Agbọ̀n Ìyá lẹ́nu ọ̀nà ni mo ń rí, àti ẹní tí èmi nìkan máa sùn lórí rẹ̀. Mo fi ahọ́n ti òwú náà sí kọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo gbójú sókè, mo ní:

"Ẹ káàsán mà."

Ìfòfó kan bá jáde lẹ́nu mi. Ní orí "mà" yẹn gan-an ló ti wú, roboto, ó dán yinrinyinrin, ó já kúrò létè mi, ó rọra fò lọ bá Dádì, ó sì bẹ́ sórí táì wọn.

Mọ́mì gbàgbé pé inú ń bí wọn. Dádì wo táì wọn, wọ́n wo ọgbà, ọwọ́ tí wọ́n fi gbé pàṣán sókè ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Lápálápá," ni wọ́n ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó rí ẹni tó ti mọ̀ nígbà kan. Ojoku ni wọ́n dàgbà sí. Àwọn náà ti fẹ́ ìfòfó yẹn rí.

Ìyá sì dé pẹ̀lú iyọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n wo èmi, wọ́n wo pàṣán. Wọ́n wọlé lọ tààrà. Láti ìta la ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa agbọ̀n jáde lábẹ́ ibùsùn.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kó pa mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta bá tú jáde. Mo sunkún, mo ní èmi ni mo jẹ ìrèké, èmi ni mo da omi iyọ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí wọ́n nà mí, kí wọ́n nà mí títí di ọjọ́ Àìkú, àmọ́ kí Ìyá má lọ. Mọ́mì Sọ́ńdè-Sùkúù di àgbọ̀n mi mú, wọ́n wo inú ẹnu mi níbi tó ti là sílẹ̀ fún ẹkún. "Tíṣà," ni wọ́n ní, "ọgbẹ́ yìí ti ń pa dé. Ó mọ́ tónítóní. Ẹ wá wò ó."

Dádì ò wá wò ó. Ìdí ọgbà ni wọ́n lọ. Wọ́n já lápálápá ẹ̀kún ọwọ́ méjèèjì, oje ń kán sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun wọn, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá Ìyá. "Ìyá mi," ni wọ́n ní, "ẹ wò ó bóyá èyí á tó fún ọ̀la."

Ìyá gba ewé náà, wọ́n fọwọ́ tẹ ọ̀pá rẹ̀ wò. "Eléyìí ti gbó jù," ni wọ́n ní. "Èyí tó rọ̀ ni wọ́n ń já. Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?"

Agbọ̀n padà sábẹ́ ibùsùn. Lọ́jọ́ Àìkú, mo ka Sáàmù mi láìṣì, mo tiẹ̀ tún ka ẹsẹ méjì tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n kà. Ohun kan ṣoṣo tí ò lọ ni àbàwọ́n oje lára ṣẹ́ẹ̀tì Dádì. Mọ́mì mi fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ bò ó, wọ́n sá a sóòrùn. Lápálápá kì í ṣí lára aṣọ.

Ìyá ti lọ tipẹ́. Máńgòrò ti lọ, kànga ti di. Bíríkì ni ọgbà wa báyìí, ìgò fífọ́ wà lórí rẹ̀, Dádì fúnra wọn ló kọ́ ọ. Ariwo rélùwéè ò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́, kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà ló gba ipò rẹ̀. Nígbà òjò tó kọjá, wọ́n yọ eyín kan nínú ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù lẹ́nu Dádì. Nígbà tí mo gbé omi iyọ̀ fún wọn, wọ́n ní kí n já lápálápá wá.

"Dádì, dókítà ní omi iyọ̀," ni mo dáhùn. "Ẹ fi ọ̀rọ̀ ewé sílẹ̀."

Wọ́n wò mí. "Ìwọ náà ti di èmi," ni wọ́n ní.

Mo pe dókítà lórí fóònù, ọmọbìnrin kan ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn kan ń yẹ irú ewé bẹ́ẹ̀ wò ní yunifásítì, àmọ́ omi iyọ̀ ló dá òun lójú. Bí Bàbá bá sì takú, wọn ò gbọdọ̀ gbé e mì. Mo sọ fún un nípa tèmi nígbà yẹn. Ó ní bóyá ewé ló wo ọgbẹ́ mi, àmọ́ ó dá òun lójú pé dídákẹ́ mi wà lára ohun tó wò ó sàn.

Mo yí gbogbo àdúgbò ká, mi ò rí ọ̀pá lápálápá kan. Ojoku ni mo ti rí i, lẹ́yìn ilé Ìyá, ewúrẹ́ ò sì tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Èyí tó rọ̀ ni mo já. Ó kán sára búláòsì funfun mi, mo sì mọ̀ pé ó ti di tirẹ̀ nìyẹn.

Níwọ̀n ìgbà tí máńgòrò ò sí, fóònù la fi wọn àkókò. Dádì di òwú náà mọ́ ẹnu, wọ́n jókòó sójú fèrèsé. Àbíkẹ́yìn mi ti ilé ìwé dé, ó kúnlẹ̀ kí wọn. "Mmm," ni Dádì wí.

"Mummy, Grandpa ò dá mi lóhùn."

"Ní sùúrù," ni mo ní.

Fóònù dún. Dádì yọ òwú náà, wọ́n tu oje rẹ̀ sínú abọ́ bí dókítà ṣe pa á láṣẹ, wọ́n nu ètè. Ọmọ náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń retí èsì rẹ̀. Àmọ́ èmi ni wọ́n kọjú sí, ojú wọn ń rẹ́rìn-ín, ìfòfó kékeré kan sì wà ní kọ̀rọ̀ ẹnu wọn.

"Ẹ káàsán mà," ni wọ́n ní.